Ọjọ́ Tí Àlejò Wá Wo Eré

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: kò sí ọmọ kankan nílé ìwé Ọ̀gá tó tíì fọwọ́ kan àwọn nǹkan ìṣeré ibẹ̀ rí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀rá tí wọ́n rà wọ́n mọ́: bọ́ọ̀lù, ọmọláńgidi, mọ́tò onírọ́bà, àti àwọn búlọ́ọ̀kù onígi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ọ̀gá ń fi aṣọ tútù nu eruku orí ọ̀rá náà. Bí òbí kan bá mú ọmọ wá fúngbà àkọ́kọ́, Ọ̀gá á nàka sókè, á ní, "Ẹ wò ó, eré niṣẹ́ ọmọdé. Eré la fi ń kọ́ wọn níwèé níbí." Òbí á wòkè, ọmọ á wòkè. Òkè tí ọmọ wò lọ́jọ́ náà ló máa wò títí yóò fi jáde lọ sílé ìwé àwọn àgbà.

Ẹ má sì torí ìyẹn pe Ọ̀gá ní òpùrọ́. Òpùrọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Ọ̀gá gba ohun tó ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí ọmọ kékeré ṣe ń fi eré mọ lẹ́tà, mọ òǹkà, mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó gba ìwé-ẹ̀rí bọ̀, ó fi dígí sí i. Wọ́n pè é sórí rédíò, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Orí rédíò yẹn ló ti búra pé ẹgba ti kúrò nílé ìwé òun títí láé. Kò sì fi mọ sẹ́nu. Ó kó ẹgba jáde síwájú ilé, ó pe àwọn òbí jọ, ó ṣáná sí i, ọkọ rẹ̀ sì ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò náà ló tóbi jù lára ògiri kíláàsì: Ọ̀gá dúró ṣánṣán, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ẹgba ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ejò tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú. Láti ọjọ́ náà, ẹgba kò wọ ibẹ̀ mọ́. Rúlà ló wà níbẹ̀. Rúlà kì í sì í ṣe ẹgba. Rúlà, ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ ni.

Pálọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ ló sọ di kíláàsì. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan ló pín in níyà sí ibi tí ẹbí ń gbé. Lẹ́yìn kọ́tìnì, níhà ibùsùn àti ilé ìdáná, màmá ló jẹ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Níwájú kọ́tìnì, Ọ̀gá ni. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ pè é ní màmá níbẹ̀, kí àwọn òbí má baà sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Ọmọ náà ti gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Kò tún gbàgbé mọ́.

Ológoṣẹ́ ni ìyá bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé láti ìgbà tí ahọ́n rẹ̀ ti là ni kò ti dákẹ́. Orúkọ náà ṣì wà lára rẹ̀. Ariwo ọ̀hún ló ń dín kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ń bọ̀ wá wo ilé ìwé náà. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé ìwé á gbàyọ̀ǹda, wọ́n á tún máa kó àwọn olùkọ́ ibòmíì wá wò ó bí àpẹẹrẹ. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tì í pa. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, nítorí látìgbà tí tọmọdé tàgbà ti ń fi fóònù ya ara wọn, iṣẹ́ fọ́tò ọkọ Ọ̀gá ti di iṣẹ́ à-ń-jókòó-ti-kámẹ́rà. Ilé ìwé yìí ló ń gbé ìkòkò kaná.

Ìkòkò ti wà lórí iná báyìí. Adìẹ ń ta pààpàà nínú òróró, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé.

"Ìyàwó mi," Ìyá-àgbà ní láti orí àpótí tó jókòó lé, "òórùn yìí mà dára o. Ṣé tiwa ni?"

"Tàwọn àlejò ni, Màámi."

"Hùn. Ẹran àlejò. Abọ́ àlejò. Aṣọ tábìlì àlejò tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife lé. Ṣé kò ní í dáa ká jáde nílé yìí, ká kanlẹ̀kùn, ká wọlé padà bí àlejò, bóyá a ó rí nǹkan fi panu?"

Bàbá Fọ́tò, ọkọ Ọ̀gá, tó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Ó da ẹ̀rín náà padà sínú ife, ó sì mu ún.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," Ọ̀gá ní. "Kẹ́ ẹ ṣáà rántí pé ikùn tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mò ń bọ́ ọ."

"Ta ló bá ọ jà?" ọkọ rẹ̀ ní. "Mo ti nu kámẹ́rà. Ibo lo fẹ́ kí n dúró sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí àwọn ọmọ bá ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, kẹ́ ẹ máa yà á. Ẹ má dáwọ́ dúró rárá, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Fọ́tò yẹn la máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé."

"Báwo ni n ó ṣe mọ ìgbà tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín?"

"Bí mo bá ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Bàbá Fọ́tò gbé ife sílẹ̀. Ó yanu láti sọ̀rọ̀. Ó wo adìẹ, ó wo ìyàwó, ó pa ẹnu dé.

Nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí Ìyá-àgbà, Ológoṣẹ́ ti kó ìdérí ìgò àti ṣíbí jọ. Ó ń to àwọn ńlá sọ́tọ̀, ó ń to àwọn kékeré sọ́tọ̀, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó mú ìdérí roboto kan, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Èyí jọ O," ó ní fún ṣíbí kan.

"Kí lò ń ṣe ńlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Ọ̀gá ké. "Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀! Dìde! Ọjọ́ táwọn èèyàn ń bọ̀ wá wo bẹ́ ẹ ṣe ń ṣeré, ọjọ́ yẹn gan-an lo wá fẹ́ máa ṣeré?"

Òróró nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Fi ọmọ sílẹ̀ jàre," Ìyá-àgbà ní nígbà tó yá. Ó fọwọ́ wá ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ súìtì kan. "Ológoṣẹ́ mi, ka A-B-D fún mi kí n fún ẹ ní súìtì."

Ọmọ náà dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè sí àjà, ó sì kà á láti A dé Y láìmí. Ìyá-àgbà pàtẹ́wọ́. "Orí pípé! Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú!" Ó ju súìtì sí i lẹ́nu. Bàbá Fọ́tò mirí pẹ̀lú ayọ̀. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdérí roboto náà ti yí lọ sábẹ́ sítóòfù, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn iwájú. Ìyá Aránṣọ ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ilé wọn, ó fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ìmúra àlejò. Ẹ ò ní í rí ìtìjú o."

"Àmín, Ìyá Aránṣọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ọ̀la lẹ ó padà sí ìwé kíkọ, àbí? Torí ọmọ yìí, látìjẹta ló ti ń sọ pé eré làwọn ń ṣe. Mo ní, eré kẹ̀? Eré tó wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tó tó báyìí, ó ti ń kọ orúkọ sí ara ògiri mi káàkiri."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ọ̀gá ní. "Eré tí à ń ṣe níbí, bí iṣẹ́ la ṣe ń ṣe é."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn ló yé mi." Ìyá Aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ó tiẹ̀ sunkún kó tó sùn lánàá. Ó ní òun ti gbàgbé ìgbà tóun máa rẹ́rìn-ín."

"Ó máa rántí," Ọ̀gá ní, ó sì fa ọmọ náà wọlé.

Nínú kíláàsì, wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì pamọ́, wọ́n sì ti tẹ́ ẹní. Àǹtí, olùkọ́ kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ Ọ̀gá, ti fi síásọ̀ gé ọ̀rá kúrò lára àwọn nǹkan ìṣeré, ó rọra gé e bí ẹni ń gé èékánná ọmọ ìkókó, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ padà lálẹ́. Àwọn ọmọ jókòó yíká. Oníkálùkù ló mọ nǹkan tiẹ̀. Ọmọ Aránṣọ ló máa to búlọ́ọ̀kù, ẹnì kan ló máa yí bọ́ọ̀lù fún ẹnì kan, Ológoṣẹ́ ló máa gbé ọmọláńgidi jó. Ọ̀gá dúró láàárín, ó mú rúlà dání.

"Ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

"A ó ṣe-ré!"

"Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"A ó rẹ́-rìn-ín!"

"Bí àlejò bá bi yín pé kí lẹ ń ṣe?"

"À ń fi e-ré kọ́ ì-wé!"

"Ẹ ṣé. Kí n gbọ́ ẹ̀rín. Kó jáde láti inú."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá rò pé ẹ̀rọ kan ló fẹ́ tan tí kò tan.

Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni bọ́ọ̀lù ti bọ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Ó yí lọ, ó gba abẹ́ àga, ó jáde lódìkejì, ó sì lọ dúró jẹ́ẹ́ sórí bàtà Àǹtí bí ológbò tó fẹ́ sùn. Ọmọ Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni èyí, ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Mo ti pàtẹ́wọ́?" Ọ̀gá bèèrè.

"Rárá, Ọ̀gá."

"Mú ọwọ́ wá."

Ọmọ náà na ọwọ́, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó sì dijú. Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn, torí ọmọ tó bá lajú á máa fa ọwọ́ sẹ́yìn, ìyẹn a sì máa fàkókò ṣòfò. Rúlà dún. Kò le púpọ̀. Ọ̀gá kì í fìbínú na ọmọ. Ó máa ń sọ fún Àǹtí pé ìyẹn ló ya òun sọ́tọ̀ lára àwọn olùkọ́ àtijọ́.

"Ọ̀gá," Àǹtí ní lójú fèrèsé, "wọ́n ti dé o. Wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò."

Ọ̀gá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí rúlà. Kọ́bọ́ọ̀dù ti ṣófo, bẹ́ǹṣì ti lọ, ẹní kò bo nǹkan kan. Ó yára ki rúlà bọ ẹ̀yìn fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri, ẹ̀yìn iná tó ń jó ẹgba. Kò sí ibi tó tún yá jùyẹn lọ. Ó tún gèlè ṣe, ó sì ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ọkùnrin sísanra kan ni Ọ̀gá ti ń fọkàn rò, tó máa jókòó, jẹun, fọwọ́ síwèé, kó lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó lo gíláàsì, ló wọlé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé báàgì sì ń tẹ̀lé e. Ìyá náà kí gbogbo ilé, ó bọ́ bàtà, ó kọjá àga àlejò pẹ̀lú aṣọ funfun orí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.

"Háà, Mà, ẹ jọ̀ọ́, àga wà," Ọ̀gá ní.

"Ìdí mi ti rí ibi tó wù ú," Alábẹ̀wò ní. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dùn ún wò. Bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Búlọ́ọ̀kù ń gorí búlọ́ọ̀kù. Ológoṣẹ́ ń gbé ọmọláńgidi jó sọ́tùn-ún, ó ń gbé e jó sósì. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín sọ, kámẹ́rà Bàbá Fọ́tò ń dún kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin náà bi ọmọ kan pé kí ló ń ṣe. "À ń fi e-ré kọ́ ì-wé," ọmọ náà ní. Ó bi ẹlòmíì. "À ń fi e-ré kọ́ ì-wé." Ọ̀gá mí, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti ń ronú ibi tí wọ́n á gbé ìwé ìyọ̀ǹda kọ́ sí. Bóyá ẹ̀gbẹ́ fọ́tò iná.

Alábẹ̀wò mú búlọ́ọ̀kù kan lórí ilé tí Ọmọ Aránṣọ ń kọ́.

"Ọkọ mi, lẹ́tà wo lèyí?"

F ni. Ọmọ Aránṣọ dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè. "A, B, D, E, Ẹ, F, G…" Ó kọjá F bí mọ́tò tí kò mọ ibùdókọ̀, ó dé Y kó tó dúró.

"O ṣeun. Nínú gbogbo èyí tó o kà yẹn, èwo lèyí tó wà lọ́wọ́ mi?"

Ọmọ náà wo búlọ́ọ̀kù. Ó wo Ọ̀gá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti A.

"Ẹ̀rù àlejò ló ń bà á," Ọ̀gá ní kíákíá. "Ó mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́."

"Kò burú." Alábẹ̀wò dá búlọ́ọ̀kù padà sórí ilé náà, ó sì rí i pé ó dúró dáadáa. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ dákun, ẹ wá jókòó sórí àga yẹn. Ẹ gbọ́wọ́ lé itan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ṣe ti Ọ̀gá. Ó kù kẹ́ ẹ ṣe eré tó wù yín."

Ọ̀gá jókòó. Ó gbọ́wọ́ lé itan.

Kò sí ọmọ tó mira. Bọ́ọ̀lù dúró síbi tó dúró sí. Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ Ọ̀gá lórí itan, wọ́n ń retí kí ó pàdé, kò sì pàdé. Ẹ̀rọ ìránṣọ Ìyá Aránṣọ ń dún láti ìta, ó sáré, ó dúró, ó tún sáré. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára díẹ̀díẹ̀, kò sunkún. Àǹtí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ológoṣẹ́ ló kọ́kọ́ dìde.

Ó gbé ọmọláńgidi jókòó sórí ẹní. Ó gbé mọ́tò onírọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ mú bọ́ọ̀lù wá, ó tò wọ́n sórí ìlà kan. Ó fà sẹ́yìn, ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ọkàn ìyá rẹ̀ fò sókè fún ayọ̀: ṣé ẹ rí i, eré rèé, eré gidi, ọmọ òun ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Ó fẹ́ yíjú sí Alábẹ̀wò kó sọ fún un pé ọmọ òun ni. Ìgbà náà ni Ológoṣẹ́ fa àga kékeré kan lọ sí ìdí ògiri, ó gun orí rẹ̀, ó na ara, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fọ́tò ńlá náà, láàárín ìyá rẹ̀ àti iná, ó sì yọ rúlà jáde.

"Ẹ ṣeré!" ó ní fún ọmọláńgidi.

Ohùn náà kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú kíláàsì ló mọ ohùn ẹni tó jẹ́.

"Mo ní kẹ́ ẹ ṣeré! Ìwọ, ṣé eré lò ń ṣe yẹn? Ta ló ní kó o rẹ́rìn-ín? Mo ti pàtẹ́wọ́? Mú ọwọ́ wá." Ọwọ́ ọmọláńgidi le gan-an, ó fi sùúrù yí i títí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi kọjú sókè. Ó fi ìka tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pa dé. Rúlà dún. "N ò bínú o. N ò bínú sí ẹ rárá."

"Èmi náà, Ọ̀gá!" Ọmọ Aránṣọ kígbe, ó fò dìde, ilé búlọ́ọ̀kù wó lulẹ̀. "Ó kàn mí! Mo rẹ́rìn-ín, nà mí!"

Bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò ni. Gbogbo wọn rọ́ wá. Wọ́n to ìlà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, àtẹ́lẹwọ́ sókè, ojú ní dídì, wọ́n ń ti ara wọn nítorí ẹni tó máa ṣíwájú. Ẹni tí wọ́n bá ti nà, á lọ síwájú, á ṣe ẹkún èké, á sì sáré padà sẹ́yìn ìlà. "Ìwọ́ gbàgbé láti rẹ́rìn-ín!" "Ìwọ́ rẹ́rìn-ín jù!" "Dákẹ́, àlejò ti dé!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé nínú pálọ̀ yẹn látìgbà tó ti di kíláàsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kámẹ́rà kò dáwọ́ dúró.

Ọ̀gá fẹ́ dá wọn lẹ́kun. Ó gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ṣeré. Lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ dákẹ́ nínú ohun tó kọ́ wọn. Ó gbọ́wọ́ padà lé itan.

Alábẹ̀wò na ọwọ́, ó rọra fa Ológoṣẹ́ mọ́ra.

"Ọmọ mi, ta lo jẹ́ nínú eré yìí?"

"Èmi ni Ọ̀gá."

"Ó dáa. Màmá rẹ ńkọ́?"

Ológoṣẹ́ bojú wò yíká kíláàsì. Ojú rẹ̀ dé orí obìnrin tó jókòó sórí àga àlejò, ó sinmi lé e díẹ̀, ó sì kọjá lọ.

"Màmá mi ò sí níbí," ó ní. "Ó wà nílé."

Alábẹ̀wò gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé rúlà lé orí aṣọ tábìlì funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo adìẹ tí Ìyá-àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun díẹ̀," Ọ̀gá ní.

"A ti yó. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ọmọ kankan lọ́la. Ẹ ó gba ìwé lọ́dọ̀ wa."

Wọ́n lọ. Àǹtí ń fi aṣọ nu ilẹ̀ níbi tí ọmọ náà tọ̀ sí. Kí ìró mọ́tò wọn tó kú tán ni Ìyá Aránṣọ ti yọjú, ó ń jó wọlé, téèpù ń fì lọ́rùn rẹ̀.

"Ọ̀gá mi! Ẹ kú oríire! Ẹ̀rín àwọn ọmọ yìí! Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo ní kí n gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn oníbàárà mi ń bèèrè, wọ́n ní kí ni wọ́n ń fún wọn jẹ níbẹ̀? Mo ní ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ni! Ẹ ò rí i? Ọ̀la, kẹ́ ẹ wá padà sí ìwé kíkọ, ṣé?"

Ọ̀gá ń wò ó lẹ́nu.

"Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn," Ìyá Aránṣọ ní, ó dá ara rẹ̀ lóhùn, "ayọ̀ ti dí wọn lẹ́nu." Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kọrin jáde.

Bàbá Fọ́tò ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dorí kọ ẹ̀yìn kámẹ́rà.

"O ní kí n má dáwọ́ dúró," ó ní. "N ò dáwọ́ dúró."

Ó nà án sí i. Nínú gbogbo fọ́tò tó ti yà láyé rẹ̀, kò sí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ, ojú àwọn ọmọ ń tàn, eyín ń dán. Ológoṣẹ́ wà láàárín wọn, ó dúró ṣánṣán, rúlà lókè, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Ọ̀gá wo fọ́tò inú kámẹ́rà. Ó gbójú sókè wo fọ́tò ara ògiri. Ó dá kámẹ́rà padà fún un.

Ìyá-àgbà dúró ti àwo adìẹ. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ́ ẹ, kò sì sí àlejò mọ́. Kò fọwọ́ kàn án. Rúlà ló ń wò.

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé…" ó bẹ̀rẹ̀.

"Màámi," Bàbá Fọ́tò ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ìyá-àgbà gbé òwe náà mì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá rí dì mú nínú gbogbo ìwópalẹ̀ náà, ó sì dì í mú bí ẹni tó bọ́ sódò ṣe ń di koríko mú: *ó wà nílé.* Ọmọ náà kò sọ pé òun kò ní màmá. Ó ní màmá òun wà nílé. Ilé ìwé lọ, kó máa lọ; ilé ṣì wà. Ó tú gèlè, ó fi sórí àga. Ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀. Ó gbé ọmọláńgidi nílẹ̀, kò wá ọ̀rá tó máa fi dì í. Ó ká kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ó sì kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ológoṣẹ́ ti padà sí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó ti dọ̀bálẹ̀ yọ ìdérí roboto náà lábẹ́ sítóòfù, eruku kún iwájú aṣọ rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa eruku. Ó jókòó sílẹ̀ tì í, nínú aṣọ àlejò rẹ̀, ó gbé ọmọláńgidi ka àárín àwọn ṣíbí. Ó fi ohùn tó pẹ́ tó ti lò gbẹ̀yìn pè é.

"Ológoṣẹ́ mi. Màmá rẹ ti dé. Wá."

Ó na ọwọ́ sí i.

Ọmọ náà wo ọwọ́ náà. Ó rọra gbé ìdérí sílẹ̀, ó dìde, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì dijú.